Ọ̀rá Ara: Kí Ló Dé Tí Ẹ̀rọ Mẹ́rin Fi Ń Fún Ẹnì Kan Ní Iye Mẹ́rin?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé òṣùwọ̀n inú ilé ní ọ̀rá ara ẹnì kan jẹ́ 24%. Aago ọwọ́ rẹ̀ ní 28% ni. Olùkọ́ eré ìdárayá fi ẹ̀mú fa awọ àyà, ikùn àti itan rẹ̀, ó ṣírò, ó ní 19%. Nígbà tó wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ DXA, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán X wo inú ara, nílé ìwòsàn, ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún un kà á sí 30%. Ọjọ́ kan náà, ara kan náà. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lè rò pé àfi kí ẹnì kan máa parọ́ nínú wọn. Ó ṣeé ṣe kó má sí ẹni tó parọ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wọn nǹkan kan, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé kò sí èyí tó fojú kan ọ̀rá nínú wọn.

Kí ló gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde báyìí?

Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ìṣègùn kan tí Francesco Rubino ti King's College London ṣáájú gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìṣègùn The Lancet Diabetes & Endocrinology. Wọ́n ní kò tọ́ kí dókítà máa fi BMI, ìyẹn ìṣirò tí wọ́n ń fi ìwúwo àti gíga ènìyàn ṣe, nìkan pinnu pé ẹnì kan ní ìsanrajù. BMI lè wúlò láti fi wo ọ̀pọ̀ èrò pa pọ̀, ṣùgbọ́n tó bá kan ẹnì kan ṣoṣo, kí wọ́n wá ẹ̀rí mìíràn kún un: kí wọ́n wọn ọ̀rá ara rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi téèpù wọn àyíká ikùn rẹ̀. Ẹni tí BMI rẹ̀ bá ti kọjá 40 nìkan ni wọ́n ní kò nílò ẹ̀rí mìíràn. Wọ́n tún pín ìsanrajù sí méjì: èyí tó ti ń ba iṣẹ́ ẹ̀yà ara jẹ́, àti èyí tí kò tíì dé ibẹ̀.

Kì í ṣe àwọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, American Medical Association, ti fọwọ́ sí ìlànà kan tó gbà pé BMI ní àlébù, pé kò yẹ kó dá dúró.

Ohun kejì tó dá kún ariwo náà ni àwọn abẹ́rẹ́ tó ń mú ènìyàn fọn, irú bíi semaglutide. Bí ìwúwo ṣe ń bọ́ lára àwọn èèyàn, ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni pé kí ló ń bọ́ gan-an, ọ̀rá ni àbí iṣan? Nínú ìwádìí STEP 1 tí wọ́n ṣe lórí semaglutide, wọ́n fi DXA wo 140 nínú àwọn tó kópa. Nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ìwúwo tó bọ́ lára àwọn tó gba oògùn náà ni ẹ̀rọ kà sí ohun tí kì í ṣe ọ̀rá. Ọ̀pọ̀ ló ka èyí sí pé iṣan ló lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí DXA ń pè ní “ohun tí kì í ṣe ọ̀rá” ní omi nínú, ó ní ẹ̀dọ̀ àti ìfun nínú, iṣan sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ẹ̀rọ ń wọ̀n yóò ka èsì náà kọjá ohun tó sọ.

Ìkẹta ni pé ẹ̀rọ ti dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Láti 2021, nígbà tí Samsung gbé Galaxy Watch4 jáde, aago ọwọ́ pàápàá ti ń sọ iye ọ̀rá ara.

Kí ni BMI ṣẹ̀, tí wọ́n fi ń bá a wí?

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ mú ìwúwo yín ní kílógíráàmù, ẹ fi gíga yín ní mítà pín in, ẹ tún fi gíga náà pín in lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó ga ní mítà 1.75, tó sì wúwo tó kílógíráàmù 92, BMI rẹ̀ jẹ́ 30, ìyẹn ibi tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìsanrajù.

Ẹ wo inú ìṣirò náà dáadáa, kò sí ọ̀rá níbẹ̀ rárá. Ìwúwo àti gíga nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tí iṣan mú wúwo àti ẹni tí ọ̀rá mú wúwo, 30 kan náà ni wọn yóò gbà. Adolphe Quetelet, onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Belgium, ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ní àwọn ọdún 1830 pé ìwúwo àwọn àgbàlagbà ń tẹ̀lé gíga wọn tí a bá fi gíga náà lu ara rẹ̀. Kì í ṣe àìsàn ló ń wá, bí ọmọ ènìyàn àárín-méjì ṣe rí ló ń wá. Ní 1972 ni Ancel Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ lónìí.

Àlébù yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn. Ní 1942, Albert Behnke, dókítà nínú iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì kan jáde lórí àwọn 25 tó ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ ṣe. Tí wọ́n bá fi àtẹ ìwúwo ìgbà náà wò wọ́n, 17 nínú wọn ni kò yẹ fún iṣẹ́ ológun, nítorí wọ́n “sanra jù”. Nígbà tí Behnke ri wọ́n sínú omi tó sì wọ̀n wọ́n níbẹ̀, ó rí i pé ìwúwo wọn kì í ṣe ti ọ̀rá. Láti ọjọ́ náà ni wíwọ̀n nínú omi ti di òdiwọ̀n tí wọ́n ń fi àwọn ọ̀nà yòókù wé.

Ṣé ẹ̀rọ kankan wà tó ń wọn ọ̀rá gan-an?

Lára ẹni tó wà láàyè, kò sí èyí tó lè yọ ọ̀rá kó sì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Kí ẹnikẹ́ni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, àfi kí ènìyàn ti kú, kí wọ́n la òkú náà, kí wọ́n fi ọ̀bẹ ya ọ̀rá kúrò lára awọ, iṣan, egungun àti àwọn ohun inú. Wọ́n ti ṣe é rí. Ní Brussels, Clarys, Martin àti Drinkwater ya òkú 25 bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1984. Iṣẹ́ tó gba sùúrù gidi ni, ìmọ̀ ọ̀rá ara sì jẹ àwọn tó fi òkú wọn sílẹ̀ fún un ní gbèsè ọpẹ́.

Gbogbo ọ̀nà yòókù ń gba ìgbésẹ̀ méjì. Àkọ́kọ́, wọn yóò wọn nǹkan kan tó rọrùn láti wọ̀n: ìwúwo nínú omi, bí iná mànàmáná ṣe ń kọjá, bí ìtànṣán ṣe ń rọ, bí awọ ṣe nípọn. Ìkejì, wọn yóò fi ìṣirò sọ nǹkan náà di ọ̀rá. Inú ìṣirò yìí ni àbá wà, ìyẹn ohun tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ara gbogbo ènìyàn ṣe rí. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kì í sábà ní wàhálà. Ìkejì ni iye fi ń yàtọ̀ síra. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju èje lọ.

Báwo ni omi ṣe lè sọ iye ọ̀rá ara mi?

Ọ̀rá fúyẹ́ ju omi lọ, ó máa ń léfòó. Iṣan àti egungun wúwo jù ú lọ. Tí a bá fi ààyè tí nǹkan gbà pín ìwúwo rẹ̀, ohun tó jáde la ó máa pè ní kíki níhìn-ín. Kíki ọ̀rá jẹ́ nǹkan bíi 0.9, kíki ohun tó kù lára jẹ́ nǹkan bíi 1.1. Tí a bá mọ kíki odindi ara, a lè ṣírò iye tí ó jẹ́ ọ̀rá nínú rẹ̀. Ìlànà tí wọ́n ń lò jù ni ti onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Siri, ti ọdún 1961: ẹ fi kíki ara pín 495, kí ẹ yọ 450 kúrò. Ohun tó kù ni ìdá ọ̀rá nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹni náà yóò jókòó sórí àga tó so mọ́ òṣùwọ̀n, yóò mí gbogbo èémí rẹ̀ síta, yóò sì ri ara rẹ̀ pátá sínú omi. Ó rọrùn láti sọ ju láti ṣe lọ. Afẹ́fẹ́ máa ń ṣẹ́kù sínú ẹ̀dọ̀fóró bó ti wù kí ènìyàn mí síta tó, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wọn èyí lọ́tọ̀. Ẹ wo ohun tí àṣìṣe kékeré lè fà. Ẹni tó wúwo tó kílógíráàmù 80, tí ara rẹ̀ gba ààyè lítà 76, ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ 20.3%. Tí ìdajì lítà afẹ́fẹ́ péré bá ṣẹ́kù tí wọn kò kà, ààyè náà di 76.5, ọ̀rá náà sì di 23.3%. Ìdá mẹ́ta ti gorí rẹ̀ nítorí èémí tí kò mí tán.

Èyí tó jinlẹ̀ jù ni 1.1 yẹn. Àtúpalẹ̀ òkú ọkùnrin mẹ́ta ni iye náà dúró lé. Mẹ́ta péré, aláwọ̀ funfun sì ni gbogbo wọn. Àwọn ti Brussels fi hàn pé ohun tó kù lára lẹ́yìn ọ̀rá kò dọ́gba láàárín ènìyàn: tí wọ́n bá yọ ọ̀rá kúrò, egungun jẹ́ nǹkan bí 16% lára ẹnì kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 26% lára ẹlòmíràn. Ẹni tí egungun rẹ̀ wúwo yóò ki ju 1.1 lọ, ìṣirò yóò sì ka ọ̀rá rẹ̀ sí kékeré. Tí ara ẹnì kan bá ki tó 1.11, ìlànà Siri yóò sọ pé ọ̀rá rẹ̀ fi ìdá mẹ́rin dín sí òdo, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ lára ẹ̀dá alààyè.

Níhìn-ín ni iyàn kan ti bẹ̀rẹ̀ tó kan àwa aláwọ̀ dúdú gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1984, Schutte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé ohun tí kì í ṣe ọ̀rá lára àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ki tó 1.113, wọ́n sì ṣe ìlànà tiwọn. Ọkùnrin kan tí kíki ara rẹ̀ jẹ́ 1.07 yóò gba 12.6% lọ́dọ̀ Siri, yóò gba 16% lọ́dọ̀ Schutte. Omi kan náà ló wọ̀. Ní 1997, Visser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀nà tó péye ju ti tẹ́lẹ̀ lọ wò ó, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ láàárín dúdú àti funfun ní ti kíki yìí. Nítorí náà, ìwé kan yóò sọ pé kí wọ́n lo ìlànà ọ̀tọ̀ fún aláwọ̀ dúdú, èkejì yóò ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n wọ̀n kì í sì í sábà mọ èyí tí wọ́n lò fún òun. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti béèrè.

Fún àwọn tó ń bẹ̀rù omi, yàrá kékeré kan wà tó dà bí ẹyin, Bod Pod, tó dé láàárín àwọn ọdún 1990. Afẹ́fẹ́ ló fi ń wọn ààyè tí ara gbà. Aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ara àti fìlà tó bo irun ni wọ́n ń wọ̀ wọ inú rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó há sínú irun àti aṣọ máa ń mú kí ọ̀rá hàn ní kékeré. Ìṣirò tó gbẹ̀yìn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti omi, àbá kan náà ló gbé dání.

Òṣùwọ̀n ilé àti aago ọwọ́ mi ńkọ́?

Orúkọ ọ̀nà tí wọ́n ń lò ni BIA. Ẹ̀rọ náà máa ń rán iná mànàmáná tó kéré gan-an, tí ènìyàn kì í mọ̀ lára, gba inú ara kọjá. Omi tó ní iyọ̀ máa ń jẹ́ kí iná kọjá, ọ̀rá kì í fẹ́ jẹ́ kó kọjá. Bí ara ṣe dènà iná tó ni ẹ̀rọ ń kà, ó fi ń ṣírò omi inú ara, ó tún fi omi ṣírò ohun tí kì í ṣe ọ̀rá, ó wá yọ ìyẹn kúrò nínú ìwúwo. Ọ̀rá ni ìyókù. Ẹ rí i pé ọ̀nà náà gùn.

Àbá tó wà níbẹ̀ ni pé omi jẹ́ 73% nínú ohun tí kì í ṣe ọ̀rá. Pace àti Rathbun ló gbé 73.2% jáde ní 1945, lára ẹranko kékeré tí wọ́n ń pè ní guinea pig. Iye náà kò jìnnà sí ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ara wọn dá, ṣùgbọ́n kì í dúró sójú kan lára aboyún, ọmọdé, arúgbó àti ẹni tí àìsàn ń mú kí ara rẹ̀ wú. Ẹ jẹ́ ká fi ẹni kílógíráàmù 70 tí omi ara rẹ̀ jẹ́ kílógíráàmù 40 ṣàpẹẹrẹ. Tí a bá lo 73.2%, ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ 21.9%. Tó bá jẹ́ pé 75% ló bá ara tirẹ̀ mu, ọ̀rá náà jẹ́ 23.8%.

Ìyẹn tilẹ̀ kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí iná náà ń gbà. Òṣùwọ̀n tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ tẹ̀ máa ń rán iná gba ẹsẹ̀ kan gòkè, gba èkejì sọ̀ kalẹ̀. Aago ọwọ́ ń rán tirẹ̀ láti apá kan dé èkejì. Àárín ara, láti ọrùn dé ìdí, tó nǹkan bí ìdajì ìwúwo ènìyàn, ṣùgbọ́n nítorí pé ó fẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìdènà iná ni ó ń dá kún un. Ikùn tí gbogbo wa ń dààmú lé lórí, ẹ̀rọ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ọjọ́ orí, gíga àti bóyá ọkùnrin ni ènìyàn tàbí obìnrin ló fi ń dí àlàfo náà. Ọ̀pọ̀ òṣùwọ̀n ló ní ibi tí ènìyàn ti lè tẹ̀ ẹ́ pé eléré ìdárayá ni òun. Ẹni tó bá tẹ ibẹ̀ tó tún gun òṣùwọ̀n padà yóò rí i pé ọ̀rá òun ti dínkù, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lára rẹ̀.

Omi tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tún máa ń da iye rú. Lítà kan omi jẹ́ kílógíráàmù kan. Òṣùwọ̀n yóò rí ìwúwo náà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n omi tó ṣì wà nínú ikùn kò tíì yí bí iná ṣe ń gba ẹsẹ̀ kọjá padà, ẹ̀rọ sì lè ka púpọ̀ nínú rẹ̀ sí ọ̀rá. Òǹgbẹ tó mú ara gbẹ lè mú iye náà gòkè. Eré ìdárayá tó mú awọ gbóná tí ẹ̀jẹ̀ sì ń sáré lè mú un wálẹ̀. Oúnjẹ ń ṣe é, nǹkan oṣù obìnrin ń ṣe é, ẹsẹ̀ tó gbẹ tàbí tó tutù ń ṣe é.

Àwọn ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jọ ń kan irin, sàn ju ti ilé lọ, nítorí wọ́n ń wọn apá, ẹsẹ̀ àti àárín ara lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àbá ti omi náà ṣì wà nínú wọn.

Ẹ̀mú àti téèpù ńkọ́?

Ìpele ọ̀rá kan wà lábẹ́ awọ. Tí a bá fa awọ pọ̀ tí a fi ẹ̀mú wọn bó ṣe nípọn tó ní ibi mélòó kan, a lè fojú díwọ̀n ọ̀rá gbogbo ara. Ìlànà méjì tó gbajúmọ̀ jù ni ti Durnin àti Womersley, ti 1974, tí wọ́n ṣe lára ènìyàn 481 láti ọmọ ọdún 16 sí 72, àti ti Jackson àti Pollock, ti ọkùnrin ní 1978, ti obìnrin ní 1980. Ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ló ṣe pàtàkì jù: ó yẹ kó mọ ibi tó yẹ kó fà, kó má fa iṣan mọ́ awọ, kó sì ka ẹ̀mú náà lásìkò. Ẹni méjì tí kò gba ẹ̀kọ́ kan náà kò lè rí iye kan náà. Lára ẹni tó sanra gan-an, ẹ̀mú kì í tó dì í mú.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lo ẹ̀mú mọ̀ ni ibi tí ìlànà wọ̀nyí ti wá. Wíwọ̀n nínú omi ni Durnin àti Jackson fi ṣe òtítọ́ tí wọ́n gbé ìṣirò wọn lé. Ẹ̀mú gbára lé omi, omi gbára lé òkú mẹ́ta. Àṣìṣe ìsàlẹ̀ kò lọ, ti òkè ló tún gorí rẹ̀.

Téèpù ni àwọn ọmọ ogun ń lò. Hodgdon àti Beckett ṣe ìlànà ti ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní 1984 láti inú wíwọn ọrùn àti ikùn, tí wọ́n ń fi ìdí kún un fún obìnrin. Iṣẹ́ ènìyàn lè bọ́ nítorí téèpù níbẹ̀. Ní 2023, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi tiwọn sílẹ̀, wọ́n ní ikùn nìkan ni kí wọ́n máa wọ̀n, wọ́n sì gbà kí ẹni tó bá kùnà béèrè pé kí wọ́n fi DXA, Bod Pod tàbí ẹ̀rọ BIA ńlá kan tún un wò. Ìlànà náà fúnra rẹ̀ ti sọ irú ọ̀nà tí wọ́n gbà pé ó borí téèpù.

DXA ni wọ́n ń pè ní ọba: ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdí wà tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún un. Ìtànṣán X oríṣi méjì, ọ̀kan lágbára ju èkejì lọ, ni DXA ń rán gba ara kọjá. Egungun, ọ̀rá àti ẹran kì í dín agbára ìtànṣán méjèèjì kù bákan náà, láti inú ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ìtànṣán rẹ̀ sì kéré débi pé kò ju èyí tí ènìyàn ń gbà láti inú ayé fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì lọ. Ó ń sọ ti apá, ti ẹsẹ̀ àti ti àárín ara lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ẹnì kan bá dìde lórí rẹ̀ tó tún dùbúlẹ̀, iye méjèèjì kì í sábà fi ju bí ìdá kan lọ yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò egungun ni wọ́n ṣe é fún. Ohun méjì péré ló lè yà sọ́tọ̀ ní ojú kan: tí egungun bá wà níbì kan, yóò ya egungun kúrò lára ẹran, kò tún lè mọ iye ọ̀rá tó wà nínú ẹran ibẹ̀. Egungun sì wà ní nǹkan bí 40% ojú àwòrán odindi ara. Fún àwọn ibẹ̀, ohun tó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ló fi ń díwọ̀n. Àyà tí ẹfọ́nhà bò jẹ́ ibi ìṣòro gidi. Bí ara bá nípọn jù, ìṣòro náà ń pọ̀ sí i, àwọn mìíràn sì tóbi ju pẹpẹ ẹ̀rọ náà lọ.

Bákan náà, iye tí Hologic yóò sọ àti èyí tí GE Lunar yóò sọ kì í dọ́gba, nítorí ìṣirò ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹni tí wọ́n fi ọ̀kan wò lọ́dún tó kọjá tí wọ́n sì fi èkejì wò lọ́dún yìí lè rò pé òun ti sanra tàbí fọn, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló yí padà.

Ohun tí àwọn aṣèwádìí ń pè ní òdiwọ̀n gidi ni kí wọ́n lo ọ̀nà mẹ́ta lára ẹnì kan: DXA fún egungun, omi tí wọ́n fi deuterium (oríṣi háídírójìn kan tó wúwo) sàmì sí fún omi ara, Bod Pod tàbí omi fún ààyè. Wọn yóò wá pín ara sí mẹ́rin: ọ̀rá, omi, egungun àti ìyókù. Àbá tó kù nínú rẹ̀ kéré. Òun ni Visser lò ní 1997. Kò sí jíìmù tó lè ṣe é.

Kí ni “ó péye” túmọ̀ sí nígbà náà?

Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ń sọ pọ̀ mọ́ra níbí. Aago kan tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yá kì í sọ àkókò gidi, síbẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìrìn kan ṣe gùn tó, kò ní tàn yín. Àìyẹ̀ ni tirẹ̀, kì í ṣe òótọ́. Aago mìíràn lè máa yá lónìí, kó máa lọ́ra lọ́la. Kò wúlò fún èyíkéyìí. Ẹ̀rọ tó bá ń fi ìdá mẹ́rin dín ọ̀rá yín kù nígbà gbogbo ṣì lè sọ fún yín bóyá ó ń gòkè tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀.

Ìkejì ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀pọ̀ èrò àti ẹnì kan. Ilé iṣẹ́ lè sọ pé ẹ̀rọ àwọn bá DXA mu, kó sì jẹ́ òótọ́ ní àárín-méjì: ó fi ìdá mẹ́fà lé ti ẹnì kan, ó fi ìdá mẹ́fà dín ti ẹlòmíràn, àṣìṣe àárín-méjì wá di òdo. Inú àwọn méjèèjì kò lè dùn sí i. Àwọn ìlànà ẹ̀mú tó dára máa ń ní àṣìṣe tó tó 3.5. Èyí túmọ̀ sí pé nínú ènìyàn mẹ́ta tí wọ́n kà sí 20%, nǹkan bí méjì ni ọ̀rá wọn gidi yóò wà láàárín 16.5 sí 23.5. Ẹni tó kù lè wà ní 14 tàbí 26. BIA ti ilé kì í sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì sábà máa ń burú jù ú. Nígbà tí ojú aago bá wá kọ 23.4%, nọ́ńbà tó tẹ̀lé àmì náà kò ní ìtumọ̀ kankan.

Ta ló ń bá ta jiyàn?

Àwọn kan ní kí BMI dúró. Àwíjàre wọn lágbára: kò ná ènìyàn ní nǹkan kan, àwọn ilé ìwòsàn tí kò ní ẹ̀rọ lè ṣe é, ọ̀pọ̀ ọdún ìwádìí lórí ikú àti àìsàn ló sì dúró lé e. Wọ́n ní ẹni tí iṣan mú BMI rẹ̀ ga kò pọ̀ láwùjọ, ojú lásán sì lè dá a mọ̀.

Àwọn tó ń fẹ́ ìwọ̀n ọ̀rá gan-an dáhùn pé àṣìṣe méjì ni BMI ń ṣe: ó ń fẹ̀sùn kan ẹni tí kò ṣẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n tí ọ̀rá pọ̀ sí inú rẹ̀ lọ láìsí ìkìlọ̀. Ìṣòro tiwọn ni pé kò tíì sí iye kan tí gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí pé tí ọ̀rá bá kọjá rẹ̀, ó di àìsàn. Ọ̀pọ̀ ìwé ń lo 25% fún ọkùnrin àti 35% fún obìnrin, àtẹ mìíràn sì ní tirẹ̀. Ó ṣòro láti fi ẹ̀rọ tó péye jù lọ wọ ẹnubodè tí kò sí.

Àárín wọn ni àwọn tó ní ibi tí ọ̀rá wà ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Ọ̀rá tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká lẹ́wu ju èyí tó wà ní itan àti ìdí lọ. MRI àti CT, àwọn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ló ń fi ojú rẹ̀ hàn kedere. CT ní ìtànṣán púpọ̀, MRI kò ní rárá, méjèèjì sì wọ́n jù fún àyẹ̀wò gbogbo ènìyàn. Téèpù ni wọ́n fi ń rọ́pò wọn. Ní 2022, NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba àwọn àgbàlagbà tí BMI wọn kò tó 35 nímọ̀ràn pé kí àyíká ikùn wọn má tó ìdajì gíga wọn. Ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 170, kí ikùn rẹ̀ má tó 85.

Ẹ̀rù mìíràn wà lórí ìpínsí méjì tí ìgbìmọ̀ Rubino ṣe. Àwọn kan ń sọ pé tí ìsanrajù ẹnì kan kò bá tíì ba ẹ̀yà ara jẹ́, àwọn tó ń sanwó ìtọ́jú lè fi ìyẹn ṣe àwáwí láti má sanwó fún un. Àwọn onígbèjà rẹ̀ ní ìpínsí náà ni yóò jẹ́ kí ẹni tó nílò ìtọ́jú jù kọ́kọ́ rí i gbà.

Èwo wá ni kí n lò?

Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ló máa pinnu. Tó bá jẹ́ ewu àìsàn, téèpù aránṣọ tí ẹ lọ́ mọ́ ikùn, láàárín ìsàlẹ̀ ẹfọ́nhà àti orí egungun ìbàdí, lẹ́yìn tí ẹ ti mí síta wọ́ọ́rọ́, yóò sọ ohun tí òṣùwọ̀n oníná kò lè sọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ara yín ń yí padà, ẹ mú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ẹ má fi òmíràn dàrú mọ́ ọn. Ẹ máa lò ó láàárọ̀, kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tó mu omi, lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ ilé ìyàgbẹ́, kí ẹ sì wo ibi tí iye náà ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Gíga tàbí wíwálẹ̀ ọjọ́ kan sí èkejì, omi ni.

Tó bá jẹ́ DXA, ẹ béèrè orúkọ ẹ̀rọ náà, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé èsì, kí ẹ sì padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ kan náà nígbà mìíràn. Aboyún kì í ṣe é. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn lù sí láyà kò gbọ́dọ̀ gun òṣùwọ̀n oníná rárá, ìwé ìlànà tó bá òṣùwọ̀n náà wá sábà máa ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń jẹ́ ní lẹ́tà wínníwínní lẹ́yìn ìwé.